Ìgbé Ayé Lórí Òkè Ìdànrè: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Jù

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Orí òkè ni wọ́n bí ìyá tó bí ìyá mi sí. Kò sí ìgbà tí mo bá àlejò gòkè tí wọn kì í bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí náà ni mo ṣe kó wọn jọ síbí.

Níbo gan-an ni Òkè Ìdànrè wà?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wà, ní apá gúúsù Àkúrẹ́. Ọkọ̀ kì í pẹ́ láti Àkúrẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, nǹkan bíi kìlómítà 25 ni. Ìlú tí ẹ máa kọ́kọ́ kàn, ìsàlẹ̀ ló wà: Odode, Àlàdé àti Atosin. Ibẹ̀ la ń gbé báyìí. Òkè ni ìlú àtijọ́ tí àlejò ń wá wò wà, láàárín àwọn àpáta ńláńlá tó pagbo yí i ká. Ibi tó ga jù nínú wọn ń lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sókè ìpele òkun.

Kí ni ìtumọ̀ "Ìdànrè"?

Àwọn àgbà sọ fún wa pé ẹni tó kọ́kọ́ rí àwọn òkè náà ló figbe ta pé, "Ìdán rèé o!" Ẹnu ló pè é títí tó fi di Ìdànrè. Ẹ dúró sí Odode ní àárọ̀ kùtù tí kùrukùru ṣì bo àpáta, kí ẹ máa wò ó bí wọ́n ṣe ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní bá ẹni náà jiyàn.

Ṣùgbọ́n Ùfẹ̀ Òkè ni orúkọ ìlú náà nígbà tó wà lókè. Ifẹ̀ náà ni Ùfẹ̀ yẹn. Nínú ẹ̀ka èdè tiwa, bíi ti àwọn ará Oǹdó, "u" ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń fi "i" bẹ̀rẹ̀. Ilé ni wọ́n ń pè é, ulé làwa ń pè é. Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba wa ti wá, wọ́n sì gbé orúkọ ilé dání gun òkè.

Ṣé abúlé ni tàbí ìlú?

Ìlú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní abúlé lójú àgbà Ìdànrè, ó máa ń dùn wọ́n. Ọba wà níbẹ̀, Ọwá ti Ìdànrè, pẹ̀lú ààfin rẹ̀ àti àwọn ìjòyè. Àdúgbò wà, ojúbọ wà, ilé ẹjọ́ wà. Ohun tó ń mú kí àlejò rò pé abúlé ni pé ilẹ̀ tó tẹ́jú láàárín àwọn àpáta yẹn kò fẹ̀, tí ilé fi sún mọ́ra, ògiri ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògiri ẹnì kejì. Ìsinsìnyí tó ti dahoro ló wá rí kékeré lójú.

Kí ló gbé wọn gun òkè? Ṣé ilẹ̀ kò sí nísàlẹ̀ ni?

Ilẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀. Ààbò ni wọ́n ń wá. Ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá a gbẹ́ yàrà, a mọ odi yíká. Tiwa, Olódùmarè ti mọ odi náà kalẹ̀ kí a tó dé. Ọ̀nà tóóró ni wọ́n ń gbà gòkè, ẹni tó bá sì ń bọ̀, wọ́n á ti rí i látòkè kó tó rí ẹnikẹ́ni. Ọmọ ogun tó bá máa gun àpáta pẹ̀lú ohun ìjà lórí, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débi tí wọ́n ti ń dúró dè é.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ní irú ọgbọ́n yìí. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Àwọn ará Adó-Àwáyè náà gbé orí òkè rí. Ẹ rántí pé ogun ni ilẹ̀ Yorùbá fi ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣe. Ogun Kírìjì nìkan bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó di 1893 kí ó tó tán pátápátá. Ẹni tó bá gbé ayé nírú ìgbà yẹn kò ní béèrè ìdí tí ènìyàn fi ń gun òkè.

Àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbẹ̀?

Ó lé ní 660. Iye tí wọ́n máa ń kọ jù ni 667, àwọn mìíràn kọ 682. Ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà ló ń fa ìyàtọ̀ yẹn, nítorí náà ẹ má jà sí i. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà.

Àtẹ̀gùn oníkọnkéré tí ẹ ń rí yìí kò sí láyé àwọn baba ńlá wa. Ìyá àgbà máa ń sọ fún wa pé ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ àpáta, nítorí bàtà máa ń yọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ẹrù gòkè?

Orí ni. Kò sí ohun mìíràn. Kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè gun ibẹ̀, kò sí ẹṣin. Gbogbo ohun tí ẹ bá rí lókè tí kì í ṣe òkúta, amọ̀ tàbí igi, ẹnì kan ló fi orí rù ú débẹ̀: iyọ̀, epo pupa, aṣọ, kerosíìnì, páànù tí wọ́n fi bo ilé, títí kan agogo ńlá.

Bí wọ́n ṣe ń ká òṣùká ní ìmọ̀ nínú. Ìyá àgbà fi han èmi àti àwọn àbúrò mi. Ó mú àkísà kan tó gbó dáadáa, ó lọ́ ọ bí okùn, ó ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ti etí rẹ̀ bọ inú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ó ní òṣùká àwọn ará ìsàlẹ̀ fẹ̀ jù. Ó ní tó o bá ń gòkè, iwájú lo máa tẹ̀ sí, ẹrù náà á sì fẹ́ bọ́ sẹ́yìn, nítorí náà òṣùká gbọ́dọ̀ nípọn díẹ̀ lẹ́yìn ju iwájú lọ. Nígbà tó sọ ọ́, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ru ẹrù gòkè kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé.

Ó tún sọ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè ló ń yà fún ẹni tó ń gòkè, nítorí ẹni tó ń gòkè kò gbọ́dọ̀ dúró.

Níbo ni wọ́n ti ń rí omi?

Lórí òkè náà. Èyí máa ń ya àlejò lẹ́nu, ṣùgbọ́n odò ń ṣàn lókè níbẹ̀, èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni odò Arun, tí àwọn ènìyàn gbà pé ó ń wo àìsàn. Tí òjò bá rọ̀, àpáta kì í mu omi. Ó ń dà á sínú àwọn kòtò àti pàlàpálá, omi náà á dúró níbẹ̀. Ìlú kankan kò lè dúró lókè láìsí omi, bó ti wù kí odi rẹ̀ le tó. Omi yẹn ló jẹ́ kí àwọn baba wa lè gbé ibẹ̀.

Omi mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Omi Aopara, omi àrá. Wọn kì í ṣeré níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń jẹ?

Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò, ẹ̀fọ́, ẹran ìgbẹ́. Wọ́n ń dáko díẹ̀ láàárín àwọn òkè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni oko gidi wà, nínú igbó dúdú. Ẹni tí oko rẹ̀ bá jìnnà á sùn sí ahéré, á ṣe ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀, kí ó tó ru ohun tó bá wà bọ̀ wálé.

Àpáta náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Tí oòrùn bá ti pa á dé ọ̀sán, ó máa ń gbóná bí agbada, ohun tí ẹ bá sá sórí rẹ̀ á tètè gbẹ, ìbáà ṣe ata, ìbáà ṣe èlùbọ́. Títí di òní, kò sí ibi tí mo gbà pé ata ti ń gbẹ tó orí àpáta.

Báwo ni ilé wọn ṣe rí?

Ilé amọ̀, pẹ̀lú agbo ilé tó ní àgbàlá láàárín. Ààfin Ọwá ni ẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wò. Ẹ wọ inú àgbàlá rẹ̀, kí ẹ wo àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Oòrùn àti òjò ti jẹ ojú àwọn ère kan débi pé ìrísí nìkan ló kù. Mo máa ń bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn wọ́n. Ọwọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ́dún kan lè jẹ igi ju òjò lọ.

Ṣé òtútù máa ń mú lókè?

Ó máa ń mú, pàápàá nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n kò tó ohun tó ń lé ènìyàn kúrò nílé. Òjò ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Àpáta tútù kò mọ ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò.

Ẹranko wo ló wà níbẹ̀?

Ọ̀bọ wà. Àdán wà nínú àwọn ihò. Èyí tí ẹ kò ní gbàgbé ni ọ̀fàfà, ẹranko kékeré tí kò ní ìrù, tó ń ké lóru. Igbe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ń han, á wá máa ga sí i títí á fi dà bí igbe ènìyàn. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí kò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Aboyún àti aláìsàn ńkọ́?

Àwọn ìyá àgbà tó mọ̀ nípa ìbímọ ló ń gbẹ̀bí, àwọn oníṣègùn sì wà. Ẹni tó bá kọjá agbára wọn, pípọ̀n ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mi ò ní pọ́n ọn lé: àwọn kan kú nítorí pé ọ̀nà jìn. Tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé ayé òkè dára ju ti ìsàlẹ̀ lọ ní gbogbo ọ̀nà, ẹ bi í ní ìbéèrè yìí.

Ṣé òótọ́ ni pé ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé wà lókè?

Òótọ́ ni. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ náà wà níbẹ̀ títí di òní, àti ibi tí agogo wà. Nígbà tí ìjọba òyìnbó àti àwọn oníwàásù dé, orí òkè ni wọ́n bá ìlú, nítorí náà àwọn náà ní láti gùn ún.

Nígbà wo ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí ló sì fà á?

Àwọn ọdún 1920 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó lé wọn, kò sì sí àjálù kankan. Ìdí tí wọ́n fi gòkè ló ti tán. Ogun ti dópin, kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú mọ́. Odi náà dúró, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀tá tí yóò dá dúró.

Lẹ́yìn náà ni kòkó dé. Kòkó kì í hù lórí àpáta. Igbó ìsàlẹ̀ ló fẹ́, ilẹ̀ wa sì bá a lára mu gan-an. Títí di òní, Ìdànrè wà lára ibi tí kòkó ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ẹ wá rò ó wò: oko yín wà nísàlẹ̀, ẹni tó máa ra kòkó yín wà nísàlẹ̀, títì tí ọkọ̀ ń gbà wà nísàlẹ̀, ẹ wá ń ru iyọ̀ gòkè lálaalẹ́. Àgọ́ tí wọ́n ń sùn sí lóko ló di ilé, ilé di àdúgbò, àdúgbò di ìlú.

Kì í ṣe ọjọ́ kan. Ìdílé kan á sọ̀ kalẹ̀ lónìí, òmíràn á dúró. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìyá àgbà mi sọ pé ohun tó dun àwọn àgbà jù ni pé iná ń dín kù lálẹ́. Wọ́n á jókòó síta, wọ́n á máa ka ilé tí fìtílà ṣì ń tàn. Ó ní ìyá bàbá òun kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi kú.

Ṣé àwọn kan ṣì ń gbé òkè?

Ìlú kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tí iṣẹ́ ìṣẹ̀ṣe kàn àti àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ la sin àwọn baba ńlá wa sí, nítorí náà kò sí ọmọ Ìdànrè tó máa sọ fún yín pé òfìfo ni ibẹ̀.

Ọdún ìbílẹ̀ wo ni wọ́n ṣì ń ṣe lókè?

Ọdún Iden ni ó jẹ́ ti ọba jù. Ọdún Orósùn wà pẹ̀lú. Orúkọ Orósùn ló wà lára òkè tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù níbẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé ìyàwó Ọlọ́fin, ẹni tó ṣáájú àwọn baba wa wá láti Ifẹ̀, ni, tó di òrìṣà. Ọdún Ògún náà kò kẹ̀rẹ̀.

Ẹ má kàn yọjú sí i bí ẹni ń lọ sí ibi ìgbafẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé ohun tí ẹ lè wò, àti ibi tí ẹ ti lè ya fọ́tò. Ojúbọ kan wà tí obìnrin kì í wọ̀, òmíràn wà tí àlejò lápapọ̀ kì í wọ̀.

Wọ́n ní adé Odùduwà wà ní Ìdànrè. Ṣé òótọ́ ni?

Ohun tí ìtàn wa sọ nìyẹn: pé àwọn baba wa gbé e dání kúrò ní Ifẹ̀, àti pé òun ni Ọwá ń dé nígbà ọdún Iden. Mo mọ̀ pé àwọn ìlú mìíràn ní ìtàn tiwọn nípa adé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, mi ò sì ní pe ti ẹnikẹ́ni ní irọ́ kí tèmi lè di òótọ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọ̀nà tí a gbà ń tọ́jú adé náà kì í ṣe ti ohun tí wọ́n kàn rí lójú ọ̀nà.

Ẹsẹ̀ Agboogun ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ló ń bá a mu?

Ojú ẹsẹ̀ kan ni, nínú àpáta. Wọ́n ní ti Agboogun ni, akọni tí kò lẹ́gbẹ́ nínú ìtàn ìlú. Ìgbàgbọ́ ni pé ẹsẹ̀ ọmọdé á bá a mu, ti àgbà náà á bá a mu, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi dán ẹnikẹ́ni wò. Mo rí ọmọbìnrin kan rí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣẹ̀sín níbẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọlé dáadáa, ó sunkún títí a fi dé ìsàlẹ̀. Agboogun kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí irú ìyẹn.

Ṣé ọkọ̀ Nóà gúnlẹ̀ sórí òkè yín lóòótọ́?

Àwọn kan máa ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa nawọ́ sí àmì kan lára àpáta. Èmi kò gbà á. Òkúta gíráńáìtì tó ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gbóná wá ni àpáta wa; ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún. Ó tutù sínú ilẹ̀, òjò àti afẹ́fẹ́ wá ń jẹ ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò títí tó fi yọ síta. Ìdí nìyẹn tó fi yí bìrìkìtì, tí ara rẹ̀ sì ń ṣí bí ìgbà tí èèpo ń ṣí lára àlùbọ́sà. Òkè tó ní ìtàn tirẹ̀ báyìí kò nílò kí a yá ìtàn ẹlòmíràn fún un.

Ti àwọn àmì tí kò sí ẹni tó lè kà lára àpáta, ẹ jẹ́ kí a sọ pé a kò lè kà wọ́n, ó tó.

Ṣé UNESCO ti kọ ọ́ sínú àwọn ibi ajogúnbá àgbáyé?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń bí mi nínú. Ní oṣù kẹwàá 2007 ni Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Ìyẹn kì í ṣe gbígbà. Méjì péré ni wọ́n ti gbà fún Nàìjíríà: Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, ní 1999, àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ní 2005.

Orí òkè ni Sukur náà wà, ènìyàn sì ṣì ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta tò ní ìpele ìpele. Nígbàkígbà tí mo bá rántí wọn, mo máa ń ronú pé tiwa náà ìbá rí bẹ́ẹ̀ ká ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kò lọ́ràá tó bó ṣe lọ́ràá.

Ṣé àgbàlagbà lè gùn ún?

Tí orúnkún bá gbà. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ gbé omi dání, ẹ jókòó ní gbogbo ibi ìsinmi. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọkàn ń dà láàmú, kó rí dókítà rẹ̀ kó tó wá.

Ṣé kò yẹ kí ìjọba tún gbogbo ilé náà kọ́, kí ó tún di ìlú?

Ìbéèrè yìí ló le jù, àwa ọmọ Ìdànrè fúnra wa kò sì fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ ọkọ̀ orí okùn àti òtẹ́ẹ̀lì lókè. Èmi kò fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì tún ilé amọ̀ kọ́, ilé tuntun lẹ kọ́. Èyí tí ìyá àgbà mi gbé ti lọ nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ní ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó máa wó náà, mi ò bá wọn lọ, nítorí ogiri amọ̀ tí kò ní òrùlé kì í pẹ́ kó tó di ilẹ̀.

Ààfin ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú: kí wọ́n pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà, kí wọ́n la ọ̀nà omi lẹ́yìn ògiri, kí wọ́n bo àwọn òpó wọ̀nyẹn kí òjò má bàa nà wọ́n mọ́. Kí wọ́n fi amọ̀ tún amọ̀ ṣe, kí wọ́n sì fi àwọn àgbà tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń po ó kọ́ àwọn ọmọ. Páànù náà, orí ni wọ́n máa fi rù ú gòkè.